Ẹ̀rọ Ọ́fíìsì Àwọn Ará Jàpáànì àti Ikin Mẹ́rìndínlógún

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń ka ìtàn kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tí àwọn mìíràn ń pè ní ayárabíàṣá, ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn ìwé sábà máa ń mú wa gbà. Wọn a ní Amẹ́ríkà ni ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n sọ ní ENIAC ti jáde ní 1946, wọn a ní gílóòbù inú rẹ̀ lé ní 17,000, pé ó gba gbogbo yàrá ńlá kan. Láti ibẹ̀ wọn a fò dé orí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé sínú àpò lónìí. Mo fẹ́ kí á gba ọ̀nà mìíràn wọ ọjà náà. Ọ̀nà yìí gba ilẹ̀ Jàpáànì kọjá, ó sì yà sínú ọ́fíìsì àwọn oníṣòwò tí owó wọn kò tó nǹkan. Bí a bá rìn ín dópin, a ó rí i pé ó kan Àrámọ̀kọ, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè ju bí ènìyàn ti lè rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìjà kan wà tí kì í tán láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́. Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà bá ti délẹ̀, ẹnìkan á dìde, á ní, “Kí ni Òyìnbó fẹ́ fi hàn wá? Àwọn baba wa ti ní kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó dé. Kí ni Ifá?” Ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, á ní, “Bí àwọn baba yín bá ní i, ẹ gbé e wá kí ó bá wa ṣírò owó oṣù.” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń parí sí, tí olúkúlùkù á sì gbé èrò tó mú wá padà lọ sílé. Èmi kò sí lẹ́yìn ìkankan nínú àwọn méjèèjì. Ẹni àkọ́kọ́ ń fi òtítọ́ ṣe fáàrí; ẹni kejì ń fi òtítọ́ bọ́hùn. Mo rò pé ìtàn ẹ̀rọ ọ́fíìsì àwọn ará Jàpáànì lè ṣe ìdájọ́ láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Ìtàn Ifá kan sọ fún wa pé ọmọ mẹ́jọ ni Ọ̀rúnmìlà bí, tí gbogbo wọn sì jọba. Alárá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Ajerò sì jẹ́ òmíràn. Alárá náà ni oyè ọba Àrámọ̀kọ títí di òní olónìí, Ajerò sì ni oyè ọba Ìjerò. Ìtàn náà ní Ọlọ́wọ̀, tí í ṣe àbíkẹ́yìn, kọ̀ láti kí baba rẹ̀ ní “àbọrúbọyè”. Ọ̀rọ̀ náà bí Ọ̀rúnmìlà nínú, ó sì gba ọ̀run lọ. Nígbà tí ayé dàrú, àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó padà wá. Kò padà, ṣùgbọ́n ó fún wọn ní ikin mẹ́rìndínlógún pé kí wọ́n máa fi bèèrè ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, nínú ìtàn yìí, Alárá àti Ajerò wà lára àwọn tí ikin kọ́kọ́ dé ọwọ́ wọn.

Ẹ wo bí babaláwo ti ń lo ikin náà. Á kó gbogbo rẹ̀ sí ọwọ́ òsì, á sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a mú lẹ́ẹ̀kan. Bí ikin kan bá ṣẹ́ kù, á tẹ ìlà méjì sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́ kù, á tẹ ẹyọ kan. Bí kò bá sí èyí tó ṣẹ́ kù, tàbí tí ó bá ju méjì lọ, kò ní tẹ ohunkóhun. Á tún un gbá ni. Lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ni yóò tẹ ìlà, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, odù kan yóò sì hàn. Ẹyọ tàbí méjì, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ: ẹni tó bá mọ ìṣirò á rí i pé 256 ni iye odù tó lè jáde, kò lè dín, kò sì lè lé. Iye yìí kan náà ni kọ̀ǹpútà ń rí nínú ìdìpọ̀ àmì mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní byte. Àwọn onímọ̀ pàápàá ti rí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Longe, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà múlẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, fi Ifá dídá àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgboyè ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ṣe níbẹ̀ ní 1983. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ kì í ṣe irọ́.

Ṣùgbọ́n àwa nìkan kọ́ ni a ní irú rẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ní ìwé ìwoṣẹ́ tiwọn láti ayébáyé. Ìlà odindi àti ìlà tí a gé sí méjì ni wọ́n fi ń kà á, àmì 64 ni ó sì ń jáde. Ní 1703, Leibniz, ọlọ́gbọ́n ará Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí ìṣirò tí kò ní ju òdo àti ení lọ, ó sì mẹ́nu ba ìlà àwọn ará Ṣáínà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ó ju igba ọdún lọ lẹ́yìn náà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Kí ènìyàn mọ ẹyọ àti méjì, ọ̀tọ̀ ni; kí ó mú kí irin àti iná máa fi ẹyọ àti méjì ṣiṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni. Àárín méjèèjì ni ìtàn kọ̀ǹpútà wà, ibẹ̀ náà ni Jàpáànì ti ní ohun tí wọn yóò fi kọ́ wa.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní 1945, ọ̀pọ̀ ìlú ńlá Jàpáànì ti jóná. Soroban ni àwọn oníṣòwò àti akọ̀wé wọn fi ń ṣírò: férémù igi kan tí wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ sára ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, tí ọmọ ìka ń sún sókè sódò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1946, àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ṣàkóso Jàpáànì nígbà náà ṣe ìdíje kan ní Tokyo. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Thomas Nathan Wood, jókòó sídìí ẹ̀rọ ìṣirò tó ń lo iná mànàmáná. Matsuzaki Kiyoshi, òṣìṣẹ́ ìjọba Jàpáànì, jókòó sídìí soroban. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, soroban borí ní ọ̀nà mẹ́rin, ẹ̀rọ borí ní ẹyọ kan, ìyẹn ìsọdipúpọ̀.

Ká ní Jàpáànì ń fẹ́ fáàrí ni, ibẹ̀ ni wọn ì bá dúró sí. Wọn ì bá máa sọ títí di òní pé ìlẹ̀kẹ̀ àwọn baba àwọn ju ẹ̀rọ Òyìnbó lọ, ẹ̀rí wọn ì bá sì lágbára. Ṣùgbọ́n wọ́n fi soroban sí orí tábìlì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rọ tiwọn. Kì í sì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìrònú. Láti 1934 sí 1936 ni Nakashima Akira, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ NEC tó ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù, ti ń kọ ìwé lórí bí a ti lè fi ìṣirò tó péye ṣe àlàyé ohun tó ń títì tó sì ń ṣí nínú okùn tẹlifóònù. Claude Shannon ti Amẹ́ríkà, ẹni tí ayé mọ̀ mọ ìmọ̀ yìí jù lọ, tẹ tirẹ̀ jáde ní 1938.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà tó ń lo gílóòbù parí ní Jàpáànì kì í ṣe ọ̀gá yunifásítì rárá. Okazaki Bunji ni orúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ Fuji tó ń ṣe fíìmù àti kámẹ́rà ló ń bá ṣiṣẹ́. Ìṣirò tí wọ́n fi ń gé dígí ojú kámẹ́rà ń gba àkókò púpọ̀ lọ́wọ́ wọn, nítorí náà ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1949 láti wá ẹ̀rọ tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan ló ṣe é. Ọdún méje ni ó gbà á. Ní 1956 ni FUJIC, ẹ̀rọ náà, parí, gílóòbù bí 1,700 sì wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ òòjọ́ ni ó bí ẹ̀rọ yìí, kì í ṣe ìfẹ́ òkìkí.

Ṣùgbọ́n gílóòbù wọ́n, ó ń gbóná, ó sì ń tètè jó. Transistor, ohun tíńtín tó wá gba ipò gílóòbù lẹ́yìn náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni, owó rẹ̀ ga, kò sì tíì ṣeé gbọ́kàn lé. Kí ni kí aláìní ṣe? Ní 1954, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Tokyo, Goto Eiichi, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tí ó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Takahasi Hidetosi, wá ọ̀nà mìíràn. Ó mú òrùka kékeré tí wọ́n fi ferrite ṣe, ó we wáyà mọ́ ọn lára, ó sì sọ ọ́ ní parametron. Ferrite yìí jẹ́ ìyẹ̀fun irin tí a sun nínú iná bí ìkòkò amọ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Tokyo, Kato Yogoro àti Takei Takeshi, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀ láti 1930, a sì dá ilé iṣẹ́ TDK sílẹ̀ ní 1935 láti máa ṣe é tà. Nítorí náà ohun tó wà nílẹ̀, tí kò wọ́n, tí kì í jó, ni Goto fi ṣe tirẹ̀. Lọ́dún kan náà ni von Neumann, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, ronú kan irú nǹkan kan náà láìjẹ́ pé ẹnìkan nínú wọn gbọ́ ti ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n Jàpáànì ni wọ́n ti fi í kọ́ ẹ̀rọ tó wọ ọjà.

Bí parametron ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ̀. Ẹ ronú onílù kan tí ń lù láìdúró, àti oníjó kan tí ń gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ìlù méjì. Oníjó náà lè máa gbé ẹsẹ̀ sí ìlù kìíní, ó sì lè máa gbé e sí ìlù kejì. Kò sí ọ̀nà kẹta. Èyí tó bá ti fi bẹ̀rẹ̀ ni yóò máa bá lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iná inú òrùka náà ń jó sí iná tí wọ́n ń rán sí i: ọ̀kan dúró fún òdo, èkejì dúró fún ení. Bí òrùka mẹ́ta bá sì fẹ́ darí ọ̀kan, ibi tí méjì nínú wọn bá tẹ̀ sí ni yóò tẹ̀ sí, bí ìgbìmọ̀ ìlú tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ àwọn tó pọ̀ jù. Ohun gbogbo tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò, orí ìpinnu kékeré báyìí ni wọ́n ti lè kọ́ ọ.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní 1957, MUSASINO-1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwádìí tẹlifóònù. Parametron 5,400 ló wà nínú rẹ̀. Ní 1958, PC-1 ti Takahasi àti Goto parí ní Yunifásítì Tokyo, NEC náà sì parí NEAC-1101. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí wà fún àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní 1961 ni NEC gbé NEAC-1201 jáde, ẹ̀rọ kékeré tí a ṣe fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ní 1964, NEAC-1210 tẹ̀lé e, parametron náà sì ni a fi ṣe é.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí á dúró sí díẹ̀. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ńlá wà nígbà náà fún báńkì àti ilé iṣẹ́ ńláńlá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára oníṣòwò kékeré lọ. Kí ni oníṣòwò kékeré ń fẹ́? Kò fẹ́ mọ iye ìràwọ̀ ojú ọ̀run. Ó fẹ́ mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, iye ọjà tó kù nínú ilé ìkẹ́rùsí, owó oṣù tí yóò san àti ìwé owó tí yóò fi ránṣẹ́ sí oníbàárà. Irú iṣẹ́ yìí ni ẹ̀rọ ọ́fíìsì wà fún. Kò yára bí ẹ̀rọ ńlá, iná tó ń jẹ kò kéré, àwọn tó ṣe é sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, owó rẹ̀ sì bá agbára wọn mu. Àwọn ará Jàpáànì fẹ́ràn irú ẹ̀rọ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gé orúkọ rẹ̀ kúrú, tí wọ́n sì sọ ọ́ di èdè ilé wọn: ofukon.

Ọjọ́ ayé parametron kò gùn. Bí transistor ti ń pọ̀ tí owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀, ó ya parametron sílẹ̀ nínú eré. Ní 1967, nígbà tí NEC gbé NEAC-1240 jáde fún àwọn ọ́fíìsì, ìdìpọ̀ transistor tíńtìntín lórí ẹyọ òkúta kan ni wọ́n fi ṣe é. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ṣe ń fi gbólóhùn kan péré sọ̀rọ̀ parametron, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó kú ní kékeré. Mo rò pé àwọn ìwé náà ṣì í wò. Òrùka ferrite kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó fi í kọ́ṣẹ́ kò kú. Wọ́n ti mọ bí a ti ń ṣe ẹ̀rọ, bí a ti ń tún un ṣe, bí a sì ti ń bi akọ̀wé ọ́fíìsì léèrè ohun tó ń dà á láàmú.

Ẹ wo ibi tí ìbéèrè yẹn já sí. Ní 1969, Busicom, ilé iṣẹ́ kan ní Jàpáànì tó ń ṣe ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì, lọ bá Intel ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tí kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ, pé kí wọ́n bá àwọn ṣe àkójọ nǹkan tí wọn yóò fi sínú ẹ̀rọ wọn. Ted Hoff ní Intel dá a lábàá pé dípò kí wọ́n ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ṣe ọ̀kan tó lè gba oríṣiríṣi àṣẹ. Federico Faggin àti Shima Masatoshi, tí Busicom rán wá, ṣiṣẹ́ náà dópin. Ó di 4004, tí Intel kéde ní oṣù kọkànlá 1971: transistor 2,300 lórí òkúta tí kò tó èékánná. Busicom ni ó kọ́kọ́ ni ín. Intel dá $60,000 padà fún un kí òun náà lè máa tà á fún ẹlòmíràn. Láti ara àrọ́mọdọ́mọ òkúta yẹn ni fóònù tó wà lọ́wọ́ ìyá tó ń ta iṣu lọ́jà Àrámọ̀kọ ti ń ṣiṣẹ́ lónìí. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì lásán ni a wá kiri. Gbogbo ayé ni ó yí padà.

Àwọn ará Jàpáànì kò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ gba ẹnu wọn. Àmì tí wọ́n fi ń kọ èdè wọn lé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sì sí táípúráítà Òyìnbó tó lè gbà á. Ní 1978, Mori Kenichi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toshiba fi JW-10 hàn, ẹ̀rọ tí ènìyàn ń tẹ ìró ọ̀rọ̀ sí, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń wá àmì tó yẹ. Owó rẹ̀ tó 6,300,000 yen, ó sì tóbi bíi tábìlì, ṣùgbọ́n èdè wọn wọlé. Àwa ńkọ́? Láti 1875 ni wọ́n ti pàdé ní Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ẹni tó bá kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ láìfi àmì sí i ti sọ mẹ́rin di ọ̀kan, síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń kọ ọ́ lórí fóònù lójoojúmọ́, tí a ní ẹ̀rọ ni kò gbà.

Ní ilẹ̀ wa, ètò ìkànìyàn ti 1962 sí 1963 ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí pé a kọ́kọ́ lo kọ̀ǹpútà fún, ní 1963 sì ni IBM dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ ṣàkíyèsí ọdún náà: kò sí ju ọdún kan lọ láàárín rẹ̀ àti NEAC-1210. Èmi kò ní fi èyí bú àwọn baba wa. NEC ti wà láti 1899, Yunifásítì Tokyo láti 1877. Tiwa ní Ìbàdàn kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nígbà náà. Kì í ṣe orí ni wọ́n fi jù wá. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lo ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́ wa, àwọn ará Jàpáànì sì ń kọ́ bí a ti ń ṣe é. Ìyàtọ̀ náà kò tíì kúrò nílẹ̀.

Nítorí náà, mo fẹ́ dá àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì lóhùn. Ẹni tó ń fi Ifá yangàn, òótọ́ ni pé ikin wà lọ́wọ́ Alárá àti Ajerò. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ilẹ̀ Ìjerò ńkọ́? Òkúta ibẹ̀ ní tánganran nínú, ó sì ní tantalum, irin tí wọ́n fi ń ṣe ohun kékeré tó ń tọ́jú iná nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà. Àwọn ènìyàn ń wà á, wọ́n ń dì í sínú àpò, ó ń lọ. Nígbà tí ó bá padà wá, ó ti di fóònù, àwa ni a ó sì rà á. Goto rí irin tí a sun, ó bèèrè pé kí ni a lè fi ṣe. Ẹni tó ń fini ṣe yẹ̀yẹ́ náà, kí ó lọ sí Ẹ̀fọ̀n, kí ó béèrè iṣẹ́ Agbọ́nbíofẹ́, ọ̀gá agbẹ́gilére tó gbẹ́ òpó ààfin Aláayè, tó sì kú ní 1945, ọdún tí ogun Jàpáànì parí. Ilẹ̀ tó bí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí kò lè ṣe nǹkan.

A ní ìṣirò, a ní irin, a ní ọwọ́. Ìbéèrè akọ̀wé ọ́fíìsì ni a kò tíì gbé sí àárín wọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá lọ sílé nínú ìsinmi, ẹ jókòó ti alájọ, ti ẹni tó ń ra kòkó, ti akọ̀wé ààfin tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ìṣirò tó ń gba oorun lójú wọn, ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Ibẹ̀ ni Okazaki ti bẹ̀rẹ̀ ní 1949, ọdún méje ni ó sì fi ṣe é.